Igo Kì Í Purọ́

Imú ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé imú mi tóbi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kéré náà. Imú ni mo fi ń jẹun. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ àti ìpara kan tí kò tóbi ni mo wà, àwa ogójì péré la wà níbẹ̀, wọ́n sì fún mi ní yàrá kótópó kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń po ọṣẹ. Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ gbé jáde, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, èmi ni mo máa fi ra apá mi, èmi ni mo máa gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ń pa láti mọ ohun tí yóò dà. Lẹ́yìn náà, mo máa kọ èrò mi sínú ìwé, wọ́n á sì ṣe ohun tó bá wù wọ́n.

Lára ògiri yàrá ìpàdé wa, wọ́n fi ọ̀dà búlúù kọ ọ́ gàdàgbà pé: IGO KÌ Í PURỌ́. Ọkọ Ọ̀gá wa, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó tó kú, ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti sú bàbá náà pé bó bá bi àwọn òṣìṣẹ́ bóyá ọṣẹ tuntun dáa, wọ́n á kàn máa fi eyín funfun wò ó, wọ́n á ní, ó dáa gan-an, sà. Ló bá dá àmúrelé sílẹ̀. Kí ọjà tuntun tó jáde, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á gba igo kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí nídìí, á mú un lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, á sì dá igo náà padà. Wọn ò ní bi í ní nǹkan kan. Wọ́n á kàn gbé igo sórí òṣùwọ̀n. Bó bá fúyẹ́, a jẹ́ pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá wúwo, a jẹ́ pé wọn ò lò ó. Ọgbọ́n ni, mi ò ní purọ́ mọ́ òkú. Ẹnu lè purọ́ níwájú ọ̀gá, àmọ́ ta ló máa wọ ilé ìwẹ̀ ara rẹ̀ lọ, tí yóò máa fi ọṣẹ tí kò fẹ́ wẹ̀ nítorí ọ̀gá?

Ibi tó ti wọ́ ni pé lẹ́yìn tí bàbá yẹn kú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹni tígo rẹ̀ bá wúwo sí ọ́fíìsì. Wọn kì í bá a jà o. Wọ́n á kàn ní kó ṣàlàyé. Kí ni ọjà wa fi ṣe ẹ́? Àbí ọṣẹ ẹlòmíì lò ń lò nílé ni? Ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́ẹ̀kan kì í jẹ́ kí wọ́n pe òun lẹ́ẹ̀kejì. Kò pẹ́ tí gbogbo wa fi gbọ́n. Bó bá ti ku ọ̀la ká dá igo padà, ẹ ó gbọ́ tí omi ń ṣàn nínú ilé ìwẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ láti àárọ̀, ẹ ó sì rí bí ọṣẹ ṣe ń hó jáde lójú gọ́tà ẹ̀yìn ilé bí itọ́ lẹ́nu ajá dìgbòlugi. Gbogbo wa la mọ̀, àyàfi òṣùwọ̀n àti Ọ̀gá.

Ẹni tó ń mójú tó ọjà tuntun ni wọ́n ń pè ní Ẹ̀rí Dà. Kò sóhun tí èèyàn máa sọ tí kò ní bi í pé ẹ̀rí dà. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, díẹ̀ ló kù kó ní kẹ́ ẹ mú ẹ̀rí wá. Ọmọkùnrin tó mọ̀wé ni, mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ó sì máa ń pè mí ní Àǹtí, bó bá tilẹ̀ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gún mi lójú. Mi ò kórìíra rẹ̀ torí pé ó ń bèèrè ẹ̀rí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹ̀rí tó bá ti gbè é, kì í bèèrè ibi tó ti wá.

Ọṣẹ ìwẹ̀ olómi kan ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀rí Dà ló ní ká fi òróró tuntun kan sè é, torí ó máa ń yára hó. Ọjọ́ tí mo ṣí ìdérí rẹ̀, òdòdó ló kọ́kọ́ kí mi. Mo ní sùúrù. Imú tó mọṣẹ́ kì í kánjú. Lẹ́yìn òdòdó ni nǹkan kejì yọjú láti ìsàlẹ̀: ọ̀rá tó ti kan, òórùn àkísà tí wọ́n fi nu àwo ọlọ́ràá, tí wọ́n wá gbàgbé rẹ̀ sínú ike fún ọjọ́ mẹ́ta. Itọ́ kún mi lẹ́nu. Mo fi ra apá mi. Kó tó di ọ̀sán, ibẹ̀ ti pọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, awọ ibẹ̀ ti ń bó. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ọṣẹ yìí ń rùn nísàlẹ̀, ó sì ń jẹ ara, kí wọ́n má gbé e jáde.

Wọ́n gba ìwé mi, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì pín igo àmúrelé fún gbogbo ilé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí a dá àwọn igo náà padà, lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, a jókòó sí yàrá ìpàdé, àwa mẹ́sàn-án tí ọ̀rọ̀ ọjà kàn. Ọ̀gá wà lórí ìjókòó, ó so gíláàsì rẹ̀ mọ́ okùn sí ọrùn. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í fẹ́ ariwo, bóyá ìdí tí wọ́n fi ń rí i tàn jẹ nìyẹn.

"Ogójì igo la pín," Ẹ̀rí Dà ní, ó ń fi bírò gbá tábìlì. "Méjìdínlógójì ló padà wá lófìfo. Látìgbà tí mo ti débí, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ìwé Àǹtí ní ó ń rùn. Kò burú. Tó bá ń rùn, kí ló dé tí wọ́n lò ó tán?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n lò ó tán?"

"Igo ló sọ fún mi, Àǹtí." Ó nawọ́ sí ara ògiri. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Igo tó ṣófo, ohun tó sọ ò ju pé nǹkan ò sí nínú òun mọ́," mo ní. "Kò sọ ibi tí nǹkan náà gbà lọ."

"Ẹ jẹ́ ká sòótọ́," ó ní. "Imú yín ti kọjá imú. Àwọn tó ń ra ọṣẹ ò ní irú imú yẹn. Èèyàn kan ṣoṣo ló ní ó ń rùn. Ṣé ká wá torí imú èèyàn kan da ọ̀rọ̀ ogójì igo nù ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí torí pé òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo dá ìpara kan dúró fún oṣù méjì nítorí òórùn kan tí èmi nìkan gbọ́, títí dòní mi ò sì tíì rí ẹlòmíì tó gbọ́ ọ. Imú lè ṣini lọ́nà. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo fi ojú ibi tó bó hàn wọ́n.

"Apá ẹni tó ni imú yẹn náà ni," Ẹ̀rí Dà ní. "Èèyàn kan náà ṣì ni."

Mo wo ojú àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Asè-ọṣẹ wa, tó da tiẹ̀ sí gọ́tà níṣojú mi kòrókòró, ń wo èékánná rẹ̀. Akọ̀wé tẹ orí ba, ó ń kọ ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ. Ẹni tó ń wọn igo ń fọ ẹnu tábìlì tí kò dọ̀tí. Ó rí mi lára. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé àwọn òǹrajà tó jókòó tì mí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ pé gbogbo yín lẹ dà á nù. Kí n tó sọ ọ́, Ẹ̀rí Dà ti wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Nọ́ńbà kẹtàdínlógún," ó ní. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ni nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Igo yín mọ́ tónítóní."

Ọ̀gá yọ gíláàsì lójú. "Ṣé o lò ó tán ni, Imú?"

"Rárá, mà."

"Ibo ló wá wà?"

"Mo fi tọrẹ."

"Ta lo fún?"

Mo fa apá aṣọ mi sílẹ̀. Òfin àmúrelé ni pé kò gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà ni wọ́n jọ máa ń fìyà jẹ. Ẹni tí mo fún ò sì ní ẹnikẹ́ni tó lè gbẹnu sọ fún un.

"Ẹ máà dárúkọ ẹ̀," Ẹ̀rí Dà ní. "Ṣé ó lò ó?"

"Mi ò mọ̀. Bóyá."

"Ṣé ó wá bá yín pé ó ń ta òun?"

"Kò wá."

"Ẹ gbọ́ ara yín, Àǹtí. Ẹ ní ọṣẹ tí ò ṣeé fi wẹ̀ ni. Ẹ fún ẹnì kan. Onítọ̀hún gbà á, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀rí dà?"

Ọ̀gá wọ gíláàsì rẹ̀ padà. Ó ní ọjọ́ Ajé ni ọjà máa jáde. Bí mo bá rí ẹnì kan, ẹnì kan péré, tó lò ó tó sì pa á lára, kí n wá sọ ọ́ lọ́la. Bí mi ò bá rí, kí gbogbo wa fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí iṣẹ́ lè máa lọ.

Ìyá Agbálẹ̀ ni mo fún. Ìyá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni, òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń nu tábìlì, òun ló ń gbé omi wá sí ìpàdé, ṣùgbọ́n kò sí lára àwa ogójì tí wọ́n ń pín igo fún. Ọmọ mi ló máa ń pè mí. Ọkọ rẹ̀ ti wà lórí ibùsùn láti ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti kú, ìyá náà ló sì ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọjọ́ tí gbogbo wa ń da ọṣẹ nù, ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan sí ẹnu ilé ìwẹ̀, ó ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má jẹ́ kó ṣòfò, kí wọ́n dà á síbẹ̀. Mo mú tèmi lọ. Ojú apá mi ṣì ń ta mí lábẹ́ aṣọ. Mo ní, "Màmá, ẹ gbà, mi ò nílò ẹ̀." Ó ní, "Ọmọ mi, wàá rí ẹni ṣe é fún ẹ." Mo ṣe àmín. Mo sọ fún ara mi pé ilẹ̀ ló máa fi fọ̀. Mi ò bi í. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń sán, mo sì ní oògùn tó fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́ ló fà á.

Bí iṣẹ́ ṣe parí lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo wá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Yàrá kan ni, ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn, aṣọ ìkélé aláwọ̀ ewé ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí n tó kan ilẹ̀kùn, imú mi ti wọlé. Òdòdó, ọ̀rá kíkan, òórùn egbò tó tutù. Mo dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo fi ọwọ́ di ògiri mú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sílé.

Bàbá náà fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Wọn ò fi aṣọ bo ẹ̀yìn rẹ̀. Láti èjìká dé ìbàdí, ara rẹ̀ ti bó, ó pupa, omi ń ṣẹ́ lára rẹ̀, àwọn ibì kan sì ti ń di funfun. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń fi páálí lé eṣinṣin.

"Ọmọ mi, o ò wí pé ò ń bọ̀," ó ní, inú rẹ̀ dùn, ó ń wá àga fún mi.

"Màmá, kí ló ṣe wọ́n lẹ́yìn?"

"Ìdùbúlẹ̀ ni. Wọ́n ti sọ fún mi tipẹ́ pé ìdùbúlẹ̀ máa ń dá egbò síni lára. Mo ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì, ọdún mẹ́ta gbáko, kò ní egbò tó ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Àfi ọ̀sẹ̀ méjì yìí. Mo wá ń wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ báyìí, kí ojú ibẹ̀ lè máa mọ́."

"Ọṣẹ wo lẹ fi ń wẹ̀ wọ́n?"

"Èyí tẹ́ ẹ fún mi náà ni." Ó fa kẹ́ẹ̀gì náà jáde lábẹ́ ibùsùn. Ó ṣì ju ìdajì lọ.

Mo sọ fún un. Mi ò mọ bí mo ṣe sọ ọ́, mo ṣáà sọ ọ́. Kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní, "Ọṣẹ yẹn kọ́. Mò ń nu tábìlì ọ̀gá kékeré yín, Ẹ̀rí Dà, lánàá nígbà tó ń sọ pé kò sí irú ẹ̀ rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọṣẹ lẹ ṣe é. Mo ní ojú àánú lẹ fi wò mí, tẹ́ ẹ fi bù fún mi lára ohun tó dáa."

Bàbá náà sọ̀rọ̀ láìyíjú padà. Ẹnu rẹ̀ wúwo, ó ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó rí i. "Mo sọ fún un," ó ní. "Mo ní ó ń ta mí."

Ìyàwó rẹ̀ gbé páálí sílẹ̀. "Lóòótọ́ ló ń sọ ọ́," ó ní fún mi. "Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. Mo rò pé kò fẹ́ wẹ̀ ni."

Ẹnì kan ti sọ ọ́, ó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, a sì jókòó ní yàrá ìpàdé, à ń ní kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Mo bẹ ìyá náà kó bá mi dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá lọ́la. Ó mi orí. Ó ní bí òun bá jẹ́wọ́ pé òun gba àmúrelé, wọ́n á lé òun, ta ni yóò sì máa bọ́ ẹni tó wà nílẹ̀ yìí? Mo ní mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kó jẹ́ kí n gbé kẹ́ẹ̀gì nìkan lọ. Ó jẹ́ kí n gbé e. Kí n tó jáde, ó ti ń bu omi lásán sórí aṣọ funfun kan, ó ń fi kan ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máà bínú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà sórí òṣùwọ̀n wọn, lábẹ́ ọ̀rọ̀ ara ògiri. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé omi wá sínú bàsíà. Ìyá Agbálẹ̀ ló gbé e wá, kò wo ojú mi, ó sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo da ọṣẹ díẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ kan.

"Òṣùwọ̀n yín rèé," mo ní. "Ohun tó wúwo lórí ẹ̀ yìí, inú àwọn igo tó ṣófo yẹn ló ti wá. Èyí tí ò sí níbí, ẹ bi gọ́tà. Èmi náà ò lò tèmi. Ẹni tó bá lò tiẹ̀ tán nílé, tó sì gbádùn ẹ̀, kó wá fi fọwọ́."

Ẹnikẹ́ni ò dìde.

"Eléyìí kì í ṣe ẹ̀rí," Ẹ̀rí Dà ní. "Eré ni."

"Nọ́ńbà kẹta nigo tìẹ. Ó ṣófo. Wá fọwọ́."

Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò. Ó ní òun ti fọwọ́ láàárọ̀. Ẹnì kan pòṣé. Asè-ọṣẹ gbé ọwọ́ tiẹ̀ sábẹ́ tábìlì, akọ̀wé náà ṣe bẹ́ẹ̀, títí tí kò fi sí ọwọ́ kankan mọ́ lórí tábìlì náà àfi ti Ọ̀gá. Bàbá tó kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri ì bá fẹ́ràn láti rí i.

Ọ̀gá dìde fúnra rẹ̀. Ó bu ọṣẹ, ó fọwọ́, ó ṣàn án, ó sì dúró kó gbẹ. Mo ń ṣọ́ imú rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó gbé e sókè, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì mú ọwọ́ náà jìnnà sí ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni.

"Ta ló lò ó?" ó ní.

Mo wo ilẹ̀. Mo ti ṣèlérí.

"Ọkọ mi ni, mà." Ìyá Agbálẹ̀ ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì níwájú Ọ̀gá, wọ́n sán yánnayànna. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó tán. Bẹ́ ẹ bá máa lé mi, ẹ lé mi, àmọ́ ẹ má tà á fún ọlọ́mọ."

Ọ̀gá ò lé e. Ó ní kí wọ́n da gbogbo ọṣẹ náà nù, ó fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé bàbá náà lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó sì ní kí wọ́n wá ọ̀dà funfun kun ara ògiri. Àwọn tó kó ọwọ́ sábẹ́ tábìlì wá ń bọ̀ mí lọ́wọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ní mo gbìyànjú, àwọn náà ti ń fura. Mo fa ọwọ́ mi yọ. Ẹ̀rí Dà nìkan ni kò kí mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi nírọ̀lẹ́, báàgì rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Èmi da tèmi nù, Àǹtí," ó ní. "Mi ò gbóòórùn ẹ̀, mi ò fi kan ara rárá. Èmi ò mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀, ẹ fún ìyá yẹn."

Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ ohun tí mi ò lè bi í pé ẹ̀rí dà.

Ẹ̀yìn bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í san lẹ́yìn oṣù kan. Ọ̀gá ní kí wọ́n máa fún Ìyá Agbálẹ̀ ní ọṣẹ wa àtijọ́, èyí tí gbogbo ayé ti mọ̀ sí dáadáa. Ọjọ́ tó gba igo àkọ́kọ́, ó gbé e wá sí yàrá mi pẹ̀lú bàsíà omi.

"Màdáámù," ó ní, "ẹ bá mi fi fọwọ́ yín ná."

"Màmá, èyí dáa. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń lò ó."

"Mo gbọ́, mà. Ẹ fọwọ́."

Mo fọ̀ ọ́. Ó dúró tì mí títí ọwọ́ mi fi gbẹ, lẹ́yìn náà ló gbá a mú, ó gbé e sí imú ara rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀ dáadáa. Ó dúpẹ́, ó gbé igo rẹ̀, ó sì lọ. Ó ti di oṣù mẹ́rin báyìí. Gbogbo igo tí wọ́n bá fún un ló ń gbé wá kó tó mú un lọ sílé, mo sì máa ń na ọwọ́ sí i. Kò pè mí ní ọmọ rẹ̀ mọ́.